Símínì Màmá Eirlys àti Agolo Ọ̀dà Mi

                                        4, Òpópónà Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Cwm Helyg,
                                        Wales.
                                        9 Oṣù Kọkànlá, 1987.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Hefin,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Rhian ìyàwó rẹ ńkọ́? Lowri ọmọ yín ńkọ́, ṣé eyín iwájú tó yọ lóṣù kẹrin ti hù padà? Mo gbọ́ pé ẹ̀yìn ń dùn ọ́ níbi tí o ti ń kó wàrà sínú ọkọ̀ ní Shrewsbury. Ẹ kú òtútù o, ẹ sì kú ìfaradà. Níhìn-ín, òjò ni láàárọ̀, òjò ni nírọ̀lẹ́. Nesta ìyàwó mi kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò ní àìsàn kankan.

Mo mọ̀ pé ìkíni yìí ti gùn ju èyí tí mo máa ń kọ lọ. Ojú ló ń tì mí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo fà á ya. Jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ kí ọkàn mi tó tún yí padà: kì í ṣe ìwọ lo ba símínì Màmá Eirlys jẹ́. Èmi ni.

O rántí bí o ṣe ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, lórí símínì tí èéfín iná rẹ̀ ń gbà jáde lórí òrùlé. O ha sìmẹ́ǹtì àtijọ́ kúrò láàárín àwọn bíríkì, o fi ẹfun òkúta tí o pò mọ́ iyanrìn dí gbogbo rẹ̀, o pààrọ̀ òjé tó yí ẹsẹ̀ símínì ká níbi tó ti yọ lára òrùlé, o sì gbé ìdérí tuntun lé e lórí kí òjò má baà máa rọ̀ sínú rẹ̀. Èmi dúró nísàlẹ̀, mo ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Hefin, ṣé símínì lò ń tún ṣe ni àbí kéèkì ìgbéyàwó?" O ní, "Ẹ̀gbọ́n, bíríkì àtijọ́ gbọ́dọ̀ mí. Omi tó bá wọnú rẹ̀, ara ẹfun ló máa gbà jáde." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, tèmi ló sì pariwo jù. Ara mi kò gbà á, àbúrò. Ọmọ àǹtí mi ni ọ́, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to bíríkì, o wá lọ kọ́ iṣẹ́ ẹfun lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ilé olódi ṣe, o dé, o ń kọ́ èmi náà níṣẹ́.

Ọjọ́ kẹta tí o parí, Màmá Eirlys ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òjò ń fọ omi funfun wá sínú gọ́tà, ẹ̀rù sì ń ba òun. Ó yẹ kí n sọ fún un pé ẹfun kì í tètè gbẹ, kí n wá àpò bò ó, kí n sì lọ sílé mi. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo lọ gbé agolo ọ̀dà kan, èyí tó máa ń dán bíi gíláàsì, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé omi kò ní gbà á kọjá láéláé. Mo gun òkè, mo kùn ún. Mo wá sọ fún Màmá pé kó má jẹ́ kí o gbọ́, kí ojú má baà tì ọ́. Àánú ni mo pe èyí nígbà yẹn. Ìlara ni.

Omi tó ti wà nínú bíríkì kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Nígbà tí òtútù dé, ó di yìnyín, ó wú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ojú bíríkì bí ẹni ń bó ẹyin. Omi gba ibẹ̀ wọlé, ó ń ṣàn lára ògiri yàrá Màmá títí tí bébà olódòdó tí ọkọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn fi ṣí kúrò. O mọ bó ṣe parí. Ní ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì, Ifor tó jẹ́ díákónì dìde, ó ní, "Ẹni tó fi ẹfun ba ilé opó jẹ́, ṣé ilé Ọlọ́run ló wá kù tó fẹ́ bà jẹ́ báyìí?" Gbogbo wọn yíjú sí mi, nítorí èmi ni àgbà nínú iṣẹ́ náà. Mo mi orí bí ẹni tó ń káàánú pé òótọ́ ni. N ò la ẹnu, orí ni mo mì. Wọ́n gba iṣẹ́ símínì ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti gbé fún ọ lọ́wọ́ rẹ, wọ́n gbé e fún mi, mo sì gbà á. Láti ọjọ́ yẹn kò sẹ́ni tó pè ọ́ síṣẹ́ mọ́, títí tí o fi kó aya àti ọmọ kúrò nílùú. Bí ẹnì kan bá bi mí pé ṣé mo mọ̀, mo máa ń fẹ́ sọ pé n ò mọ̀. Irọ́ ni. Mo fura, mo sì kọ̀ láti gun òkè lọ wò ó.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Màmá Eirlys pè mí pé garawa mẹ́ta ló wà nínú yàrá òun, kò sì gba omi náà mọ́. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́. Mo gun òkè. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta lára símínì náà ti bó tán. Mo fi àtàǹpàkò ti bíríkì kan, iwájú rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀. Mo wá yọjú sí ẹ̀gbẹ́ kẹrin, èyí tó kọjú sí òkè ńlá, níbi tí ọ̀dà mi ti tán lọ́jọ́sí kí n tó kàn án. Mo ti gbàgbé. Hefin, kò sí ohun tó ṣe é. Bíríkì kankan kò sán. Mo fi ìṣó ha ẹfun rẹ, kò yẹ̀. Mo di símínì mú, mo ń wò ó, òjò ń rọ̀ sí mi lọ́rùn.

Màmá pariwo láti ìsàlẹ̀, "Meurig! Kí lo rí lókè yẹn?"

Mo ní, "Ìtẹ́ ẹyẹ ni, Màmá."

"Ẹyẹ wo ló ń jẹ bíríkì?"

Mo sọ̀ kalẹ̀, ó gbé tíì fún mi pẹ̀lú búrẹ́dì elésò gbígbẹ tó ń ṣe, ó sì tún ń dúpẹ́. Ó ní bí kì í bá ṣe ti ọ̀dà mi ni, ilé òun ì bá ti wó látijọ́. Mo ki búrẹ́dì náà bọ àpò.

Bí mo ṣe wọlé, Nesta wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Kí lo jí?" Mo sọ ọ́ fún un. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. "Meurig! Ọdún mẹ́ta! O ń jẹ, o ń sùn, o tún ń dìde kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin!" Mo ní kó fara balẹ̀, pé màá wó símínì náà, màá tún un kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ta ni yóò mọ̀? Ó ní, "Èmi. Mo sì lẹ́nu."

Lọ́jọ́ Àìkú, bí a ṣe kọrin tán, mo dìde, mo ní mo ní ọ̀rọ̀ kan sọ lórí símínì Màmá Eirlys. Ifor ní, "Jókòó, Meurig. Ọ̀rọ̀ símínì kọ́ la bá wá sílé Ọlọ́run."

Mo ní, "Ilé Ọlọ́run yìí náà la ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, Ifor. Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ síbẹ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti agolo, ti ìlara, ti orí tí mo mì. Màmá Eirlys fi ọ̀pá gbéra. Ó ní, "Ọmọ yẹn na ọwọ́ sí mi níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìwọ lo mú mi ṣe bẹ́ẹ̀." Ó ní ọwọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kan símínì òun mọ́ àfi tìrẹ, bí o kò bá sì wá, kí òjò máa pa òun. Ó wá na ọ̀pá sí mi: "Ìwọ ni wàá sì máa ru bíríkì fún un." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, n ò sì jiyàn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ifor ní àwọn díákónì yóò kọ̀wé sí ọ. Bí wọn kò bá kọ ọ́, jẹ́ kí n gbọ́. Mo ti fi tapólì bo símínì Màmá, mo so ó mọ́lẹ̀ dáadáa, garawa ti kúrò nínú yàrá. Nítorí náà má tìtorí òjò sáré wá. Bí o bá sì ní o kò wá, n kò ní bínú, kò sí ẹnu tí mo fẹ́ fi bínú. Bá mi kí Rhian, kí o fẹnu ko Lowri lẹ́nu fún mi. Sọ ohun tí mo ṣe fún wọn.

Mo fẹ́ fọwọ́ sí i níbí, ṣùgbọ́n ó ku ọ̀kan, òun gan-an ló ń jẹ́ kí n máa fa lẹ́tà ya. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ikú Àǹtí Ceinwen ìyá rẹ, mo lọ wò ó. O ti jáde lọ ra oògùn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Meurig, ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí. Má tàn mí. Ṣé Hefin mi ló ba símínì yẹn jẹ́ lóòótọ́?" Mo ní, "Àǹtí, ọmọdé ló ń ṣe é. Yóò gbọ́n." Ó ní, "Ó dáa," ó sì kọjú sí ògiri.

Láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo lọ síbi tí a sin ín sí. Mo dúró títí tí ẹ̀wù mi fi rin gbingbin. Ìwọ nìkan ló kù tí mo lè fún ní èsì tí mo jẹ ẹ́. Rárá, Hefin. Kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,

Meurig.