Àwọn Ọkọ Tí A Kò Tíì Kùn

Rigasa, Kaduna,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àìlá.

Ilham ọmọ mi, Àmọ̀kẹ́,

Àsàlámù àlékún. Ṣé o jí ire, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ará Àbújá kì í fi òwò kó ọ láyà jẹ? Àwa níhìn-ín wà láàyè, kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn nínú wa àfi ẹsẹ̀ bàbá rẹ tó máa ń dùn ún nígbà tí mo bá ní kó bá mi gbé omi, tí kì í sì í dùn ún bó bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ọlọ́run Ọba tó mú ọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ ní àlàáfíà yóò mú ọ wọ̀ ọ́ bọ̀ ní àlàáfíà, o kò ní pàdé aburú lọ́nà, owó rẹ kò ní jọ omi inú apẹ̀rẹ̀. Àmín.

Ìwé ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí torí fóònù kò lè gbà á. Lọ́jọ́ tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, mo bi ọ́ pé àwòrán ọkùnrin tí o ní o ti rí dà, o ní Màmá, ẹ ní sùúrù, Folúṣadé ọmọ aládùúgbò wa ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin, ẹ máa rí àpò ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ lo ti ń sọ ìyókù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi gé ọ lẹ́nu. Mo kó káàdì sí i, kò wọlé. N kò tún kó òmíràn, torí ọgbọ́n la fi ń ta ata gbígbẹ.

Folúṣadé dé lóòótọ́, ó fún mi ní àpò ìwé náà. Mo ti ilẹ̀kùn, mo wọ awò ojú mi, mo ní Bísímílláà, mo fa àwòrán yọ. Ilham, ọkàn mi fò. Ọkọ kan ni mo béèrè lọ́wọ́ rẹ. Ọkọ márùn-ún lo fi ránṣẹ́.

Gbogbo wọn ló ń jẹ́ Róbọ́ọ̀tì. Mo ka ìwé mẹ́fà, ẹnikẹ́ni kò ní láti kà á fún mi. Òun ni wọ́n kọ gàdàgbà sí orí ìwé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé orúkọ bàbá wọn ni. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bínú, mo tún rò ó, mo ní ọmọ tó bá kó ọjà wálé kí ìyá rẹ̀ bá a ṣà, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Wọn kò sì ní àwọ̀ kankan lára. Ìlà dúdú ló yí wọn ká, inú wọn funfun báláú. Mo rò pé ẹni tó bá ọ tẹ̀ ẹ́ ló rẹ́ ọ jẹ, pé ó gba owó àwòrán aláwọ̀, yíǹkì sì ti tán nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Àfi ìgbà tí mo rí i nísàlẹ̀ ìwé pé wọ́n kọ ọ́ lédè òyìnbó pé, kùn mí.

Àwọn àbẹ́là kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi tún wà nínú àpò náà. Mo dúpẹ́, torí wọ́n ti mú iná lọ. Mo ṣá ìṣáná sí èyí pupa, ó yọ́ sí mi lọ́wọ́, kò tàn. Ni Iman ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ bá figbe ta, nawa ne, nawa ne, pé tòun ni, pé kréyọ́nù ni. Mo ní kó máa kó o lọ, ohun tí kò tàn lóru kò wúlò fún mi. Ó ní àwọn ọkùnrin inú ìwé náà pàápàá, tòun ni gbogbo wọn. Mo fà á létí. Ọmọ ọdún mẹ́fà kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

O ṣáà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Bàbá Jàmàlúdéènì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ti ní bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tán, a gbọ́dọ̀ dá àwọn ará ilé Abdulraheem lóhùn, torí wọ́n ti wá títí bàtà wọn fi mọ ẹnu ọ̀nà wa. Abdulraheem tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Mando ni mò ń wí. Ìwọ lo sọ pé kò burú, àmọ́ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni, pé ọjọ́ tó wá kí ọ, ìròyìn jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣe títí o fi sùn lọ lórí àga. Bí a bá kọ̀ ọ́, kò ní padà mọ́, Ganiat aláṣọ ti ń fi àwọn ọmọ rẹ̀ lọ̀ ọ́. Bí a bá sì gbà á, tí ọ̀kan nínú àwọn Róbọ́ọ̀tì yìí sàn jù ú lọ, ìwọ ni yóò máa jẹ ìyà rẹ̀ títí ayé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe ìwádìí, bí àwọn ìyá mi ti ṣe é lórí tèmi.

Mo kó wọn sínú ọ̀rá, mo gbé wọn lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Ìlọrin, mo ní ta ló mọ ìdílé Róbọ́ọ̀tì. Wọ́n gbé e yíká. Ìyá àgbà kan ní ó jọ pé Jos ni wọ́n ti wá, torí òtútù ni wọ́n ṣe fi irin bora. Bàbá kan ní rárá, òun rí ọ̀kan nínú wọn ní pápá ọkọ̀ òfúrufú nígbà tí òun ń lọ Mẹ́kà, pé ó kàn ń ṣẹ́jú iná wìrì wìrì, kò kí ẹnikẹ́ni. Mo fi ìyẹn sọ́kàn. Ìdílé tí kì í kíni.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, orí rẹ̀ ní igun mẹ́rin bí agolo òróró, wáyà kan yọ láàrin rẹ̀ bíi ti rédíò bàbá rẹ. Bọ́tìnnì tò sí i láyà, kò sì wọ ẹ̀wù. Kò kọlà tí mo fi lè mọ ìlú rẹ̀. Èyí tó dùn mí jù, kò ní etí. Mo yí ìwé náà sókè, mo yí i sódò, mo tún wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò ní etí rárá.

Àwọn méjì tó wà lórí ìwé kan ṣoṣo, ìbejì ni wọ́n, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé kí a wá ìyàtọ̀ wọn, ìwà ọmọlúàbí ni mo ka ìyẹn sí, wọn kò fẹ́ kí o ṣèèṣì gbé oúnjẹ Táíwò fún Kẹ́yìndé. Iman ló rí i pé ọ̀kan ní ìka mẹ́ta, èkejì sì ní méjì. Ìbejì kì í sì í wọlé mi lásán, mo se ẹ̀wà, mo pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ẹ̀wà ti gbówó lórí, gbèsè yẹn wà lọ́rùn rẹ.

Ìkẹrin wọn, mo ti ń káàánú rẹ̀. Kìkì àmì tótòtó ló kún ojú ìwé rẹ̀, mo ní ìgbóná ti bá eléyìí jà, dókítà sì ti fi nọ́ńbà sí gbogbo ojú egbò. Iman mú pẹ́ńsù, ó fa ìlà láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, ajá ló yọ síta. Ajá onírin. Ilham, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́.

Ìkarùn-ún ló fẹ́ gbọ́n díẹ̀, ó ya ọ̀nà ilé rẹ̀. Òun dúró ní igun kan, ilé rẹ̀ wà ní igun kejì, ọ̀nà tó lọ́ mọ́ra bí ìfun ewúrẹ́ wà láàrin wọn, wọ́n ní kí a ràn án lọ́wọ́ kó délé. Mo ní ọkùnrin tí kò mọ ọ̀nà ilé ara rẹ̀, ṣé kì í ṣe ọ̀mùtí? Síbẹ̀, ìwádìí ni ìwádìí. Mo na ìwé náà sí oníkẹ̀kẹ́ Nápẹ́pù kan. Ó yí i, ó wò ó, ó ní Hajiya, Rigasa níbí náà ni, kò síbòmíràn tí ọ̀nà ti rí báyìí. Inú mi dùn. A yà sọ́tùn-ún, a kan ògiri, a yà sósì, a kan kòtò, a padà, a kan ògiri àkọ́kọ́. Nígbẹ̀yìn ọ̀nà gbé wa dé ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ. Mo sálámà, mo bèèrè Ọ̀gbẹ́ni Róbọ́ọ̀tì. Ọlọ́jà ní kò sí níbí. Mo ní ìgbà wo ni yóò dé? Ó ní òun kò mọ̀. Mo yìn ín pé kò sí nílé lọ́jọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òórùn ibẹ̀, ọmọ mi, ọṣẹ kò lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Àná wá ni Abdulraheem wá wo jẹnẹrétọ̀ wa. Àwọn ìwé náà wà lórí ẹní, n kò sì fi pamọ́ fún un. Mo ní Abdulraheem, wo àwọn tó ń bá ọ du Ilham. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó ní Màmá, àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe eléyìí fún o. Mo ní owú ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ, ọmọ tèmi ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ó tún ní Walahi, Màmá, ẹ̀rọ ni wọ́n. Mo ní ìwọ náà ńkọ́, kí ni ò ń bá jókòó láti àárọ̀ dalẹ́?

Ó wá lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó bi mí pé kí ni kò tẹ́ mi lọ́rùn lára èyí ẹ̀gbọ́n wọn yìí. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, pé kò ní àwọ̀, kò wọṣọ, pé àmọ́ ti etí ló ká mi lára jù, torí Ilham mi, bó bá ń sọ̀rọ̀, ó fẹ́ kí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ gbọ́ òun. Mo sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Jẹnẹrétọ̀ wà ní títú sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Mo lọ kírun Àsárì. Nígbà tí mo padà dé, ó ti dojúbolẹ̀ lórí ẹní pẹ̀lú Iman, kréyọ́nù wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ó ti kun ẹ̀gbọ́n àwọn Róbọ́ọ̀tì náà. Ó wọ bùbá búlúù fún un, àwọn bọ́tìnnì yẹn sì ti rí ẹ̀wù dè. Ó dé e ní fìlà, ó lu fìlà náà kí wáyà lè rí ibi yọ. Ó sì fi etí méjì sí i, ńláńlá, bí àkàrà. Iman ní òun ló ní kó fi yẹtí sí ọ̀kan, ó sì fi sí i.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò lè wọlé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ta ọjà, n kò rí ọlọ́jà tó ń bá orogún rẹ̀ nu eruku ara ọjà rí.

Nítorí náà, èmi ti yàn. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni Bàbá Jàmàlúdéènì yóò ti gbọ́ ọ, mo ti sọ fún un pé n kò ní bá ọ dáhùn. Kí o wọ ọkọ̀ ojú irin wá kó tó di Jímọ̀ọ̀ yẹn, kí o jókòó ti Abdulraheem, kí o sọ̀rọ̀, kí o wò ó bóyá ó gbọ́. Bí kò bá gbọ́, kí o kọ̀, èmi ni n óò sọ fún wọn.

Dá àwọn Róbọ́ọ̀tì padà fún òbí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, sọ pé kì í ṣe ìkórìíra. Àwọn ìbejì nìkan ni kí o má tíì dá padà. Mo ti fi wọ́n lọ Ganiat fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, kó lè gbójú kúrò lára Abdulraheem. Ó ń rò ó.

Fi owó ẹ̀wà ránṣẹ́, àti owó kẹ̀kẹ́, torí gbogbo ògiri tí a kàn ni oníkẹ̀kẹ́ náà gba owó lé, àti owó kréyọ́nù pupa tí mo dáná sun, Iman kò tíì dárí jì mí. Owó tó ti ní àwọ̀ ni o, má fi èyí tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ránṣẹ́.

Má sì tìtorí pé Abdulraheem kò tíì pé kọ̀ ọ́. Kò sí ọkọ tí wọ́n kùn tán kí wọ́n tó gbé e lé obìnrin lọ́wọ́. Ìlà lásán ni bàbá rẹ nígbà tí wọ́n gbé e fún mi, láti ìgbà náà ni mo ti ń kùn ún, kò tíì gbẹ. Etí nìkan ni obìnrin kò lè bá ọkùnrin yà. Ọlọ́run yóò fi ẹni tó ń gbọ́ ọ bá ọ gbélé, yóò fi ọmọ tó ń gbọ́ràn yí yín ká, ẹkún kò ní jẹ́ ohùn tí a ó gbọ́ nílé yín. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàwáwù.

Mo fi èyí tí Abdulraheem kùn sínú ìwé yìí. Má wo orí rẹ̀. Etí ni kí o wò.