Fóònù Ti Wà Lórí Igi Ọsàn, Ẹ Tún Pè

Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ sì kú orúnkún. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti abà kòkó wa lẹ́yìn Aráròmí-Obu, ewé gbígbẹ ti kún àyà mi. Mo kí gbogbo ìyàwó ilé. Mo kí àwọn àgbà tó ń jókòó sídìí àpáta. Mo kí ewúrẹ́ yín tí kì í fẹ́ dìde lẹ́nu ọ̀nà, tó bá ṣì wà láyé. Ìyàwó yín ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ẹ mọ̀ pé èmi àti bírò ò bára wa ṣọ̀rẹ́. Ganíyù onílọ́rì iṣu ló máa kà á fún yín. Ibi tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ tí mo ń yìn ín, òun ló fi tiẹ̀ kún un.

Ìbéèrè tẹ́ ẹ bi mí kí fóònù tó já ni mo ń dáhùn. Ẹ ní níbo ni mo wà látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Màámi, ibi tẹ́ ẹ mọ̀ náà ni mo wà. Fóònù ni ò mọ ibi tó wà.

Nọ́ńbà àtijọ́ yẹn, èyí tí Bàámi rà fún mi nígbà tí mo fẹ́ wá sílẹ̀ Odìgbó, kì í fẹ́ wọ igbó. Tí mo bá wà ní Oríta Òrè, ó ń ké bí ẹyẹ. Tí ọ̀kadà bá ti yà sọ́nà oko báyìí, ó dákẹ́. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n ra síìmù mìíràn tó ń mú níbí. Mo rà á, mo ra fóònù tó ń gba síìmù méjì, mo kó àwọn méjèèjì sínú ẹ̀. Ọlọ́kadà tó gbé mi padà ní mo ti kó orogún méjì sí yàrá kan, kí n máa retí ìjà. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Ìyàwó tuntun gba ilé. Ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiẹ̀ dúró gbọn-in lórí fóònù bí ọgbà. Ti àtijọ́, àmì àgbélébùú kékeré kan báyìí ni wọ́n fi síbẹ̀, bí ẹni sàmì sí ibojì. Mo pa fóònù, mo tan án. Mo yọ síìmù, mo fi kẹrosíìnì nù ún. Bàbá onílẹ̀ wa, ọmọ Ìkálẹ̀ tó ni oko tí a ń dá, ní ó ti rẹ fóònù ni, kí n jẹ́ kó sinmi. Ó sinmi, ó sinmi kọjá ààlà. Ẹnìkan tún ní kí n tẹ ibi tí wọ́n ya bàálù sí lẹ́ẹ̀mejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á padà wá. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, òjò dé, mo sáré lọ kó kòkó tí mo sá, mo gbàgbé ìkejì. Gbogbo àkókò tí mo fi wà nínú bàálù yẹn, ìyàwó méjèèjì ni ò bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ń pè, wọ́n ń sọ fún yín pé mi ò sí. Mo wá fi nọ́ńbà tuntun pè yín. Mo ní èmi Àjàní ni. Ẹ ní Àjàní kan ṣoṣo lẹ bí, tó bá sì pè, fóònù yín máa ń kọ bí àkùkọ, èyí tó dún yìí kì í ṣe àkùkọ. Ẹ ní ẹ ti gbọ́ nípa àwọn gbájúẹ̀ tó ń jí ohùn ọmọ ọlọ́mọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ewúrẹ́ fún yín. Ẹ ní mo mà kọ́ṣẹ́ yìí dáadáa o, kí Ọlọ́run tú mi fó, ẹ sì gé e. Látìgbà náà, ẹ ò gbé nọ́ńbà yẹn mọ́. Ìyàwó yín rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Èèyàn ń sọ pé òun ni òun, ìyá ẹ̀ ní irọ́ ni.

Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ náà bá dùn mí. Níbí, Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń pè mí. Kí Ọ̀yọ́ gbé agbọ̀n, kí Ọ̀yọ́ wá fọ́ kòkó. Inú nọ́ńbà àtijọ́ yẹn nìkan ni mo ti ń jẹ́ Àjàní, láàárọ̀ tí mo bá wà ní Òrè, tẹ́ ẹ bá pè. Igi pọ̀ níbí débi pé èèyàn kì í rí ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́, ó kàn máa mọ́ ni. Mo máa ń rántí Ṣakí, tí oòrùn bá yọ sórí àpáta, tí òórùn èlùbọ́ tẹ́ ẹ sá síbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé dé yàrá. Ẹ̀yin á wà létí ẹní, èmi á dọ̀bálẹ̀, ẹ á gbọ́wọ́ lé mi lórí, ẹ á máa kì mí. Ọwọ́ yín máa ń tutù.

Ìgbà tí Ganíyù wá bá mi ní Òrè, tó ní ẹ ti di ẹrù, tó ní ẹ ní tẹ́ ẹ ò bá gbọ́ ohùn mi kí iṣu tuntun tó jáde, ẹ máa gun orí iṣu wá wá òkú mi, ara mi ò gbà á. Orúnkún tí ò gbé yín dé ọ̀dọ̀ onílọ̀, òun lẹ fẹ́ gbé gun lọ́rì. Mi ò tiẹ̀ dúró jẹun. Mo lọ bá obìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta búrẹ́dì fún èrò ọkọ̀. Ó gbóòórùn síìmù, ó ní ta ló ń fi kẹrosíìnì wẹ ọmọ. Ó gbé nọ́ńbà àtijọ́ sí yàrá kìíní, ó ní àgbà ìyàwó kì í gbé ẹ̀yìnkùlé. Ó wá wọ inú sẹ́tíǹgì. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńlá, èyí tí wọ́n fi ń wo fídíò, ni fóònù mi ń wá káàkiri, bẹ́ẹ̀ kò sí níbi tí mo wà. Ó ní ó ń dọdẹ erin nínú igbó tó jẹ́ ẹ̀mọ́ nìkan ló wà ńbẹ̀. Ó pàṣẹ fún un kó mú ẹ̀mọ́, ìyẹn kékeré tó wà fún ìpè lásán. Ó ní tí mo bá dé oko, kí n gbé e ga.

Mo fi í sínú ọ̀rá nítorí òjò, mo so ó mọ́ ẹ̀ka igi ọsàn iwájú abà. Ọ̀pá méjì yọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, a ń fọ́ kòkó, igi ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo ju àdá sílẹ̀. Mo na ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, mo jẹ́ kó ké síta, torí tí mo bá tú u sílẹ̀, ó já nìyẹn. Mo ní ẹ káàárọ̀ Màámi, mo dọ̀bálẹ̀ sídìí igi. Ẹ ní níbo ni mo wà. Kí n tó dáhùn, ẹ ti bẹ̀rẹ̀: Àjàní ọkọ mi, ọmọ a-jí-fẹsẹ̀-kan-àpáta, ọmọ ẹni tó wọgbó láàárọ̀ tí gbogbo ilé ń retí ẹ̀, ọmọ ẹni tó wọgbó, tó wọgbó, tó...

Ó já. Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo abà ló dúró, tàdá tàdá lọ́wọ́.

Látọjọ́ náà, Ọ̀yọ́ ti kúrò lórí mi. Àjàní ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ n gbádùn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá baba ńlá mi jáde nínú igbó yẹn. Bàbá onílẹ̀ ní òun ti fún mi nílé àti oko, ó kéré tán kí n sọ fún òun bóyá ọkùnrin náà délé. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe oríkì mi ni. Ó jẹ́ tèmi o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa ń kì í. Èmi, oorun máa ń wà lójú mi lórí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n máa bi mí.

Mo ń pè yín, wọ́n ní ẹ ti pa fóònù. Mo mọ̀ pé iná ni ò dé Ṣakí. Ìwọ̀nba owó kan wà lọ́wọ́ Ganíyù, ẹ fi ra oògùn orúnkún, kẹ́ ẹ sì gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ onígẹnẹrétọ̀ kí wọ́n bá yín ṣájì ẹ̀. Ẹ tú ẹrù yín. Tí iṣu tuntun bá jáde, èmi ni mo ń bọ̀. Kó tó dìgbà náà, ẹ tẹ nọ́ńbà àtijọ́, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ oríkì náà láti ibi tó ti wọgbó.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, orúnkún á gbé yín. Ẹ bá mi kí ará ilé, ẹ kí ará àdúgbò, ìyàwó yín ní òun náà wà lórí ìkúnlẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín,
Àjàní, ìdí igi ọsàn.