Fìlà Tí Mo Sẹ́

Olóòtú ètò rédíò wa, ẹ kú làálàá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi o.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń wá iṣẹ́ ìjọba, ó ti sú mi. Fìlà ni mo máa ń fi òwú hun nílé kí ọkàn mi lè balẹ̀, àmọ́ ojú ń tì mí, ọkùnrin bíi tèmi. Nígbà tí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ kan bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ràn láti máa ṣe, ìwé kíkà ni mo kọ.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, màmá kan béèrè ìwé tí mo kà gbẹ̀yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí fìlà tí mo fọwọ́ ara mi hun po lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, ta ló hun fìlà ọwọ́ rẹ yẹn? Ó mà dára o."

Mo ní, "Mo rà á ni, mà."

Ó pa fáìlì mi dé.

Fọ́ọ̀mù míì ti tún dé báyìí. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n kọ òótọ́ síbẹ̀, àbí kí n kúkú lọ wá ìwé kan kà?