Fọ́tò Ìbejì Tí Mo Yà Nígbà Tí Bọ̀dá Kò Sí Nílé

                                        Agbo Ilé Oníṣọ̀nà,
                                        Bẹẹrẹ,
                                        Ìbàdàn.
                                        17 Oṣù Kẹjọ, 1984.

Títílayọ̀, ọ̀rẹ́ mi tó mọ àṣírí mi tí kò tú u,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara Màmá ti le, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà? Àbúrò rẹ tó máa ń fi imú sọ̀rọ̀ ńkọ́, ṣé inú ṣì ń bí i pé mo máa ń sín in jẹ? Bá mi bẹ̀ ẹ́. Gbogbo wa níbí wà ní àlàáfíà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òjò kàn ń yọ wá lẹ́nu ni. Ẹni tó bá ní ìsọ̀ ní Ògùnpa, ojú kan ló fi ń wo ọjà, ojú kejì wà lára odò.

Ìwọ lo ní kí n máa kọ̀wé sí ẹ kí n má baà gbàgbé ìwọ̀nba tí mo kọ́ kí n tó fi Fọ́ọ̀mù Tuù sílẹ̀. Ó dáa, mo kọ ọ́ nìyí, ṣùgbọ́n bí ìlà mi bá wọ́, má fi han ẹnikẹ́ni. Ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ yìí, n kò rí irú rẹ̀ rí. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fà á. Tàbí kí n ní ẹnu ara mi.

O mọ Bọ̀dá Yésúfù, ẹ̀gbọ́n mi, o sì mọ ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀ tó wà níwájú ilé wa. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti ń bá a gbálẹ̀ ibẹ̀, tí mo sì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ó ní ẹni tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ kò lè mú ẹlòmíràn jókòó jẹ́ẹ́. Èmi náà bá fi kámẹ́rà sílẹ̀, mo kọ́ ohùn rẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń ha ọ̀fun kó tó sọ̀rọ̀. Mo mọ bó ṣe ń ní, "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ẹ má mí o," tí àwọn arúgbó á sì sé èémí títí ojú wọn á fi pọ́n. Kódà mo mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yí fíìmù síwájú lẹ́yìn tó bá ti tẹ kámẹ́rà tán. Mo ti fi ìyẹn pa gbogbo agbo ilé lẹ́rìn-ín láìmọye ìgbà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bọ̀dá lọ sí Ìsẹ́yìn láti lọ ya àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan. Ó gbé kámẹ́rà tuntun lọ, ó fi ti àtijọ́ sílẹ̀ lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀. Ó ní bí oníbàárà bá dé, kí n sọ pé ó di àṣálẹ́ Ọjọ́rú kí òun tó dé. Mo ní mo ti gbọ́. Òótọ́ ni, Títí, mo gbọ́. N kò kàn sọ pé màá ṣe é ni.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Alásárì nígbà tí obìnrin kan kan ilẹ̀kùn, tó fa ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún méje lọ́wọ́. Mo wà lẹ́yìn aṣọ dúdú tí Bọ̀dá ta sí ẹnu ọ̀nà yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti ha ọ̀fun bíi tirẹ̀, mo ní, "Ẹ wọlé, ìyá mi. Ẹ má bínú, mò ń fọ fọ́tò lọ́wọ́, bí mo bá ṣí aṣọ yìí, ìmọ́lẹ̀ á bà á jẹ́. Àbúrò mi á dá yín lóhùn." Lẹ́yìn náà ni mo jáde síta bíi Kúlúsúmù, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn káàbọ̀. Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rín pa mí.

Ìyá Ìbejì ni, Àṣàkẹ́ ará Àrẹ̀mọ tó ń ta ọṣẹ dúdú ní Ọjà'ba. Ọmọ tó mú dání ni Táyé. O mọ̀ pé a kì í sọ pé ìbejì kú, a máa ń ní ó rìnrìn àjò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Kẹ́hìndé rìnrìn àjò. Ibà ni, ọjọ́ mẹ́ta péré.

Obìnrin náà dojú kọ aṣọ dúdú, ó ń bá Bọ̀dá tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní bàbá àwọn ọmọ fẹ́ mú Táyé lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Kánò ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí fọ́tò kankan tí àwọn ọmọ méjèèjì jọ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wá yà wọ́n lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, fíláàṣì rẹ̀ kò tàn, òkùnkùn lásán ló gbé wá fún wọn.

"Ọmọ yìí ti ń gbàgbé ẹ̀, Bọ̀dá Fọ́tò," ó wí. "Lánàá ó bi mí pé ṣé irun Kẹ́hìndé gùn ju tòun lọ ni. Tó bá dé Kánò, kí ni yóò máa wò? Wọ́n ní ẹ mọ bí ẹ ṣe ń ya ẹyọ kan di méjì."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá lé e padà, Bọ̀dá ò ní tètè dé láti yà á kó sì fọ̀ ọ́ kí Ọjọ́bọ̀ tó mọ́. Kí n má sì purọ́ fún ẹ, ọwọ́ ń yún mi.

Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bọ̀dá ní páálí dúdú kan tó gé bí òṣùpá tó dá sí méjì, tó ń wọ ẹnu lẹ́ńsì. Tó bá fi bo apá kan, apá kejì nìkan ni ìmọ́lẹ̀ á gbà wọlé. Á gbé ọmọ sórí àga ọ̀tún, á yà á. Kò ní yí fíìmù o. Á yí páálí sí òdìkejì, á gbé ọmọ náà sórí àga òsì, á tún tẹ̀ ẹ́. Ọmọ kan, ojú fíìmù kan, ìbejì á sì jókòó ti ara wọn.

Ojú fíìmù tó kù nínú kámẹ́rà àtijọ́ yẹn kò ju méjì lọ. Mo gbé Táyé sórí àga ọ̀tún. Mo fi okùn wọn ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ kámẹ́rà dé ibi tí orúnkún rẹ̀ wà, ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, mo sì yí òrùka lẹ́ńsì sí mẹ́jọ kí ojú rẹ̀ má baà rí wúruwùru. Mo dúró títí iná pupa kékeré fi tàn lẹ́yìn fíláàṣì, èyí tó ń sọ pé ó ti ṣe tán láti tàn. Mo tún sá wọ ẹ̀yìn aṣọ, mo fi ohùn Bọ̀dá ní, "Kúlúsúmù, ṣé o ti bo lẹ́ńsì?" Mo jáde, mo ní, "Mo ti bò ó, Bọ̀dá." Ìyá Ìbejì ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ mà fara balẹ̀ o."

Mo tẹ̀ ẹ́. Fíláàṣì tàn wàì. Ọwọ́ mi tó ti máa ń sín Bọ̀dá jẹ bá yí fíìmù síwájú fúnra rẹ̀.

Ojú fíìmù yẹn ti lọ. Ohun tó máa gbé wá ni ọmọ kan lápá ọ̀tún, tí apá kejì á ṣú dùdù. Ìyẹn sì ni obìnrin yìí ní nílé tẹ́lẹ̀. Mo wọ ẹ̀yìn aṣọ, mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá mi, a ó tún un yà." Ohùn Bọ̀dá ń gbọ̀n lẹ́nu mi.

Ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo. Mo ya ti ọ̀tún, fíláàṣì tàn, mo di ọwọ́ mi mú kó má baà yí nǹkan kan. Mo yí páálí, mo gbé ọmọ sórí àga òsì, mo ń dúró de iná pupa. Kò tàn. Mo gbá fíláàṣì létí, mo yọ bátìrì, mo fi aṣọ nù ún, mo dá a padà. Bátìrì ti kú pátápátá.

Mo rántí pé Bọ̀dá máa ń ní bí iná kò bá sí, ojú ọjọ́ ń bẹ. Mo ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, mo ṣí fèrèsé, ṣùgbọ́n òjò ti ṣú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, àfi kí a ṣí lẹ́ńsì dé òpin, kí kámẹ́rà la ojú sílẹ̀ tó ìgbà téèyàn lè ka ení, èjì, kó tó pa á dé. Láàárín ìgbà yẹn, bí ọmọ bá mira pẹ́nrẹ́n, ojú rẹ̀ á di èéfín. Ó ti wá sú Táyé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì síwá sẹ́yìn, ó ń rọ̀ mọ́ àga bí aláǹgbá. Mo bẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Èkejì ẹ̀ nìkan ló lè mú un dúró," ìyá rẹ̀ ní. "Tí eléyìí bá ti ń sáré lọ, ìyẹn á kàn pè é pé, 'Táyé mi, dúró dè mí o.'" Ó fà á gùn, ó fi ahọ́n kan ètè bí ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká.

Títí, ẹnu mi kì í bèèrè lọ́wọ́ mi. Mo tẹ kámẹ́rà, mo sì ní, "Táyé mi, dúró dè mí o."

Ohùn tó jáde lẹ́nu mi ba èmi gan-an lẹ́rù. Ẹsẹ̀ ọmọ náà dúró nínú afẹ́fẹ́. Kò wò mí. Ó yí ojú sí àga ọ̀tún tó ṣófo, kò sì ṣẹ́jú títí kámẹ́rà fi pa ojú dé. Ìyá rẹ̀ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó rọra ní, "Ta ló sọ̀rọ̀?"

Táyé sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó lọ sí ibi aṣọ dúdú, ó sì fà á.

Kò sí Kẹ́hìndé níbẹ̀. Kò sí Bọ̀dá náà. Ike omi àti fíìmù tí a sá sórí okùn ni gbogbo wa ń wò.

Mo rò pé á ṣépè fún mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, "Àwọn mélòó ló wà lẹ́nu rẹ, ìwọ ọmọ yìí?" Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní òun ń bọ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kí mọ́tò Kánò tó gbéra.

Nígbà tí Bọ̀dá dé ní Ọjọ́rú, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin kí n tó rántí pé ìkúnlẹ̀ ni tèmi. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ti ń retí ìgbátí. Ó kàn yọ fíìmù, ó wọ yàrá òkùnkùn, mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń dún. Ó pẹ́. Nígbà tó jáde, ó gbé fíìmù tútù náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ó jókòó, ó tún wò ó.

Ẹni tó wà lápá ọ̀tún, fíláàṣì ló yà á, ó mọ́ kedere, èèyàn lè ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Ẹni tó wà lápá òsì, ojú ọjọ́ ló yà á. Ó rọ̀, ó dà bí ẹni téèyàn ń wò láti inú ilé nígbà tí òjò ń rọ̀ lóde. Ó sì kọ ojú sí ti ọ̀tún, ó ń wò ó. Bọ̀dá ní ọdún mọ́kànlá tí òun ti ń ya ìbejì báyìí, kámẹ́rà ni gbogbo wọn ń wò. Ó ní òun kò tíì rí èyí tó wo èkejì rẹ̀ rí.

Ní àárọ̀ àná, Ọjọ́bọ̀, Ìyá Ìbejì dé, ó ru ẹrù ọmọ sórí. Bọ̀dá bẹ̀ ẹ́ ná, lẹ́yìn náà ló fa fọ́tò lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọmọ lè rí i. Táyé fi ìka kan ti ọ̀tún, ó ní, "Èmi rèé." Ó fi kan ti òsì. "Kẹ́hìndé rèé. Ó ń wò mí." Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, Títí.

Lẹ́yìn náà ó fa ìró mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ pè mí bó ṣe ń pè mí."

Mo wo ìyá rẹ̀. Kò ní kí n pè é, kò sì ní kí n má pè é. Mo la ẹnu. Èmi tí mò ń sín lèmọ́mù jẹ, tí mò ń sín àwọn aláàrù Ọjà'ba jẹ. Ohùn Kẹ́hìndé kò jáde, ti Bọ̀dá kò jáde, tèmi gan-an kò jáde.

Ọmọ náà dúró dè mí. Nígbà tó rí i pé n kò ní nǹkan kan láti sọ, ó gba fọ́tò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó sì fi ohùn wẹ́rẹ́ ní, "Táyé mi, dúró dè mí o." Ó fà á gùn, ó fi ahọ́n kan ètè. Ó ju tèmi lọ, ó ju ti ìyá rẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ̀ ní, "Kò mà tíì gbàgbé." Bọ̀dá ló ń wí fún. Wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí mọ́tò wà.

Láti àná n kò tíì sín ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n ti ń bi mí nínú ilé pé ṣé ibà ló ń ṣe mí. Bọ̀dá ní kí n wá ní ọjọ́ Ajé kí òun wá kọ́ mi ní kámẹ́rà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní bátìrì la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bá mi kí Màmá dáadáa, kí o bá mi fi òróró ra ẹsẹ̀ wọn. Kí àbúrò rẹ, sọ fún un pé imú rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí o bá ní fọ́tò tí àwa méjèèjì jọ yà nígbà Iléyá ọdún ìjẹta, má sọ ọ́ nù. Wò ó dáadáa, kí o wá kọ̀wé sọ fún mi bóyá kámẹ́rà ni mò ń wò.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu rẹ̀ ń sinmi,

Kúlúsúmù