Sí Ọwọ́ Irin, Nípa Ìka Rẹ̀ Tó Kán

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, káfíńtà ńlá, Ọwọ́ Irin,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Mo lérò pé ara gbogbo yín le, àfi ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún rẹ tí mo ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Àlàáfíà ni èmi àti Màmá wà níbí.

Ìyàwó wa ló ròyìn fún mi, má bá a jà. Ó ní nígbà tí ìka náà kọ́kọ́ wú, ńṣe lò ń fi han àwọn oníbàárà pé kókó iṣẹ́ ni, pé ọ̀lẹ kì í ní irú ẹ̀. Dókítà ya fọ́tò egungun náà, ó ní kókó kan ló hù sínú rẹ̀, kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò lè pa ọ́. Ṣùgbọ́n ó ti jẹ inú egungun tán, ó ku èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nǹkan díẹ̀ ló máa kán an. Ó ní kí o jẹ́ kí wọ́n ha á kúrò, kí wọ́n sì dí ihò rẹ̀. O gbọ́ “kì í ṣe jẹjẹrẹ”, o kọ etí ikún sí ìyókù, o lọ ra ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. O káre, ọ̀mọ̀ràn.

Mo mọ àṣà ṣọ́ọ̀bù yín, tí ẹ bá ń bọ ara yín lọ́wọ́, kí ẹ máa fún un mọ́lẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ tútù, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ ké di ọmọdé. Bàbá ọlọ́mọ! Ìkíni yẹn náà lo fi pàdé akọ̀wé tó wá gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìwé fún ọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kò gbé ju bírò lọ, òun ló kán ìka Ọwọ́ Irin. Bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ni inú ń bí mi. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.

O wá fi igi pẹlẹbẹ àti téèpù dì í, o padà sídìí ìfági. Dókítà ní tó bá jinná ní wíwọ́, ọwọ́ yẹn ò ní lè di òòlù mú dáadáa mọ́. Ó ní òun á tò ó, tó bá jinná tán, òun á ha kókó náà kó má baà tún kán. O ò yọjú lọ́jọ́ tó dá fún ọ. O ní, “Ìka kékeré lásán ni, mẹ́sàn-án ṣì kù.” Ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò? Káfíńtà ń ka ìka bí ẹni ń ka ìṣó! Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tún ní kí o wá. Lọ o.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní làákàyè tó tó agbára rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní bọ́. Kó dá ẹ̀mí rẹ sí fún àwọn ọmọ rẹ. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó pọ̀n ọ́ kí o tó mọ̀ pé o lágbára.

Àfikún: Mo ka lẹ́tà yìí fún Màmá. Mo rò pé wọ́n á bá mi bú ọ. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn ò ti gbé wọn mọ́, o mọ̀ pé ìwọ lo máa ń gbé wọn sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí o bá wá. Ńṣe ni wọ́n bi mí pé, “Ṣé ọwọ́ tó ń gbé mi náà ni?” Mo ní òun ni. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn á jókòó sókè títí yóò fi jinná, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àwọn.