Dùndú Tí Òróró Kò Kàn

Agboolé Ládòkun,
Ṣakí.
20 Oṣù Kẹwàá, 1983.

Fàtímọ̀ Àjọkẹ́, ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Kàdúná níbẹ̀. Ọkọ rẹ ńkọ́? Àlejò tuntun ńkọ́, ṣé ó ń mu ọmú dáadáa? Ara tìrẹ náà ńkọ́, ṣé ó ti ń bọ̀ sípò? Èmi wà láàyè, bí a bá lè pe ìjókòó opó ní wíwà láàyè. Mo dúpẹ́.

Awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Kàdúná fi lẹ́tà rẹ lé mi lọ́wọ́. O ní Àmúdà, àbúrò bàbá rẹ, ránṣẹ́ sí ọ pé dùndú olóróró tí mò ń fún bàbá rẹ ló pa wọ́n. O wá béèrè pé, "Màámi, ṣé òótọ́ ni?" Ó dùn mí wọra, Fàtímọ̀. Mo bínú sí ọ débi pé n kò lè mú bírò. Ṣùgbọ́n o jìnnà sílé, ohun tí wọ́n bá sọ fún ọ lo máa mọ̀. Jókòó, kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

O mọ̀ pé inú rírun bàbá rẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí o tó bímọ. Nígbà tí ojú wọn pọ́n, tí ìtọ̀ wọn náà pọ́n, a gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà ní òkúta wà nínú òróòro wọn, pé wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn ní Ìbàdàn lẹ́yìn Iléyá. Kí ó tó dìgbà náà, wọn kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan òróró, tàbí epo, tàbí ọ̀rá ẹran. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Màmá, ọ̀rá lè pa bàbá yìí o."

Bí iṣu bíbọ̀ ṣe di oúnjẹ wọn láàárọ̀ lálẹ́ nìyẹn. Wọ́n á wò ó, wọ́n á tì í sẹ́yìn. Wọ́n rù títí ṣòkòtò kò fi dúró nídìí wọn mọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ìyá Fàtímọ̀, dùndú ló ń wù mí jẹ. Èyí tó máa ń dún lẹ́nu." Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sunkún.

Florence ló gbà mí sílẹ̀, ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé, ọmọ Ìgbòho tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní oúnjẹ sísè. Ó ní ààrò onípáànù kan tó nílẹ̀kùn, tí ó fi ń ṣe kéèkì, tí wọ́n ń kó ẹ̀yinná sí lábẹ́ àti lórí. Ó ní dùndú lè gbẹ dáadáa nínú rẹ̀ láìsí òróró. Mo fi í rẹ́rìn-ín. A gé iṣu tuntun gbọọrọ bí ìka ọwọ́, a fi iyọ̀ bọ̀ ọ́ díẹ̀, a dà á sórí aṣọ kí omi ara rẹ̀ gbẹ. A po funfun ẹyin títí ó fi hó, a yí iṣu náà nínú rẹ̀, a wá tò ó sórí páànù pẹrẹsẹ kí ọ̀kan má fara kan èkejì, torí bí wọ́n bá fara kanra, ṣe ni wọ́n á rọ̀. A tì í sínú iná tó mú, a yí i padà láàárín. Nígbà tó jáde, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì ń dún kàràkàrà lẹ́nu. Bàbá rẹ jẹ àwo kan tán, wọ́n lá ọwọ́. Florence yá mi ní ààrò náà gbé wálé. Kò pẹ́ tí bàbá rẹ tún fi ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni mo ti sọ fún Ìyá Àgbà pé kò sí òróró nínú rẹ̀. Ìyá gé ọ̀kan jẹ, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, má tàn mí. Mo ti ń dín dùndú kí wọ́n tó bí ọ. Èyí tó ń dún báyìí, òróró ló mu." Mo ní kí wọ́n wá wò ó nídìí iná, wọ́n ní ojú àwọn kò gba èéfín. Mo fi í sílẹ̀. Mo tilẹ̀ rò pé wọ́n ń yìn mí ni.

Àṣé Ìyá ń ro tiwọn. Bí ọmọ àwọn bá ń jẹ dùndú olóróró lójoojúmọ́, tí ara rẹ̀ sì ń yá, á jẹ́ pé òróró kọ́ ni ọ̀tá rẹ̀, ẹ̀rù lásán ni dókítà ń dá bà wá. Lọ́jọ́ Iléyá, mo ń pín ẹran kiri ilé àwọn àna. Ìyá kò lè gbà kí olórí ilé má fẹnu kan ẹran àgbò tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa. Wọ́n dín ọ̀rá ìdí àgbò, wọ́n bù ú sínú abọ́ pẹ̀lú òróró rẹ̀, wọ́n gbé e fún un. Ṣé o mọ bàbá rẹ, wọn kì í kọ oúnjẹ ọwọ́ ìyá wọn. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti ń yí nílẹ̀. Wọn kò dé ọsibítù láàyè.

Mo rí abọ́ náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rá ti dì sí i létí. Mo fọ̀ ọ́. Ta ni yóò na ìka sí ìyá olóògbé lọ́jọ́ ìsìnkú? Ṣùgbọ́n wọ́n na tiwọn sí mi. Àmúdà ní dùndú mi ló kó jọ sí ẹ̀gbọ́n òun nínú, pé bí mo bá ti tú opó kí n máa lọ sílé bàbá mi. Ìyá náà sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn: tiwọn ẹ̀ẹ̀kan péré, tèmi lójoojúmọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sú mi. Mo fa Ìyá lọ́wọ́ wọ ilé ìdáná, mo fi wọ́n jókòó, mo gbé ìgò òróró kan ṣoṣo tó wà nílé yìí lé wọn lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Ẹ dì í mú, Ìyá. Ẹ má jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ yín." Mo gé iṣu, mo bọ̀ ọ́, mo yí i lẹ́yin, mo tì í síná lójú wọn. Ó jáde. Wọ́n gé ọ̀kan jẹ, ó dún. Wọ́n wo ìgò ọwọ́ wọn, wọ́n tún gé òmíràn.

"Kò sí nínú rẹ̀," ni wọ́n wí.

"Kò sí, Ìyá."

"Á jẹ́ pé ẹran mi ni."

Ó dùn mọ́ mi fún ìgbà díẹ̀, Fàtímọ̀. Kí Ọlọ́run forí jì mí. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí wọ́n tu iṣu ẹnu wọn sọ́wọ́, tí wọ́n ń wò ó. Gbogbo ọ̀rọ̀ burúkú tí mo ti tò sílẹ̀ dè wọ́n, mo fi í sílẹ̀; mo bu omi fún wọn.

Ìyá ní kí n pe Àmúdà wá kí àwọn sọ fún un. N kò tíì pè é. Òun nìkan ni ọmọ tó kù fún wọn, o sì mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe le tó. Mo fẹ́ dúró nínú ilé tí mo bí ọ sí, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá mo lè torí rẹ̀ gba ọmọ kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ ìyá arúgbó. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún, torí n kò lè fara mọ́ ọn kí ọmọ mi máa fojú apànìyàn wò mí.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí irú èyí kan ilé rẹ. Kí ọmọ náà yè, kó dàgbà, kó sin ọ́. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ bàbá rẹ.

Èmi ni ìyá tó bí ọ, tí kò pa bàbá rẹ,
Àwáwù.

Àfikún: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí kí n tó tún un tú. Ìyá kò dúró dè mí, wọ́n ti pe Àmúdà fúnra wọn láàárọ̀ yìí, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀. Kò bú wọn, kò sì bẹ̀ mí. Ó lọ pe bíríkìlà kó wá dí ilẹ̀kùn tó já láti yàrá rẹ̀ sí tìyá rẹ̀. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń po sìmẹ́ńtì. Ìyá jókòó tì mí níbí, wọ́n ní kí n bá àwọn kí ọmọ.