Mi ò ṣubú

Mardi 14, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Mi ò ṣubú o. Mo ń kọ ọ́ síbí torí gbogbo ilé ló ń wò mí bí ẹni tó ṣubú.

Mo ń ṣe géèmù tí kiné, oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú mi, ní kí n máa ṣe láràárọ̀, kí ẹsẹ̀ òsì mi tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lè lágbára padà. Mò ń gbẹ́sẹ̀ kọjá omi tó ń ṣàn lójú tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà ń kà á, ó sì ń fi ránṣẹ́ sí kiné. Mo ti dé mẹ́tàdínlógún nígbà tí Ìyá Sùlé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ṣàdédé wọlé. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó ronú. "Ẹ káàárọ̀ mà."

Ojú tẹlifíṣọ̀n di pupa, ẹ̀rọ rò pé mo ṣubú. Bí mo ṣe ń dìde ni kiné pè láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Riviera.

"Maman, ṣé ẹ ṣubú ni?"

"Rárá, àgbà ni mo ń kí."

Ó ní ta ló gbé mi dìde. Mo ní èmi náà ni, mo di apá àga mú. Ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ títí oṣù tó ń bọ̀. Fátì ọmọ mi ní kí n máa jókòó kí èèyàn. Ìyá Sùlé pàápàá gbà bẹ́ẹ̀.

Èmi ò gbà. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, orí àga ni mo ti ń kí àgbà, bíi pé èmi lọba. Lọ́la màá ní kí kiné fi ìkúnlẹ̀ sínú géèmù náà, kó kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ pé ẹni tó kúnlẹ̀ kò ṣubú.

Bí kò bá gbà, kò burú. Ìyá Sùlé ń padà bọ̀ ní jeudi, ọ̀túnla.